Tanímọ̀la Wọ Bàálù: Láti Ìbàdàn dé Darmstadt

Ọjọ́ Ajé, Bódìjà

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi, máa wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ sí Frankfurt, kí a tó lọ bá ọkọ mi ní Darmstadt. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mò ń gbé ajá lọ sí Jámánì, ọ̀rọ̀ bàálù ni wọ́n ń bi mí: ṣé kò ní kú síbẹ̀? Ta ni yóò jókòó tì í? Mi ò bínú sí ìbéèrè yẹn, èmi náà ti rò ó títí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí láti ìgbà tí a ti dáwọ́ lé e ni pé wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ tó máa lò lójú òfurufú ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ níbí ni iṣẹ́ wà, nídìí ìwé, abẹ́rẹ́ àti kéèjì. Bí a bá ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra ló máa sọ bóyá ajá á wọ̀lú tàbí wọn á dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe tò ó, torí ẹni tó bá fi ìkẹta ṣe ìkíní yóò tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Microchip ló ṣáájú. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ awọ, láàárín èjìká méjèèjì, ni dókítà ẹranko ń fi abẹ́rẹ́ tì í sí. Kò ní bátìrì. Nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, nọ́ńbà náà á yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tó kàn. Yúróòpù ò ka abẹ́rẹ́ tí a gún ṣáájú microchip sí, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún un fún. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé àyẹ̀wò tí Yúróòpù fọwọ́ sí, kí wọ́n wò ó bóyá èròjà tó ń bá dìgbòlugi jà nínú rẹ̀ tó 0.5 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka irú èròjà bẹ́ẹ̀) nínú mìlílítà kan. Bó bá tó, ajá á tún dúró sílé fún oṣù mẹ́ta gbáko, tí a ó kà láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò lè dín ní oṣù mẹ́rin. Jámánì, Faransé, Netherlands, òfin kan náà ni, torí Nàìjíríà ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù yọ kúrò nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí.

Àsìkò tí a ń dúró de oṣù mẹ́ta yẹn ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì pè mí. Ó ní òun lè bá mi wá èsì àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí n má wulẹ̀ ni ara mi lára. Mo ní mi ò fẹ́. Ó dùn mí pé àwọn kan ń sanwó fún irú ẹ̀. Òfin Yúróòpù sọ ọ́ kedere: ajá tí ìwé rẹ̀ ò bá pé, wọ́n lè dá a padà síbi tó ti wá, wọ́n lè sé e mọ́lé títí ìwé á fi pé, bí méjèèjì ò bá sì ṣeé ṣe, wọ́n lè pa á. Olówó ajá ló máa san gbogbo owó rẹ̀. Nígbà yẹn ejẹ́ǹtì á ti ná tirẹ̀ tán, ajá tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mókọ́lá

Ìwé ẹ̀rí ìlera tí Yúróòpù ń béèrè, ọjọ́ 10 péré ló ń lò láti ìgbà tí dókítà ìjọba bá ti fọwọ́ sí i títí ajá á fi wọlé sọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìkẹyìn fi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí. A tètè dé ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ní Mókọ́lá. Tanímọ̀la mọ ibẹ̀ dáadáa. Bí a ṣe yà wọ géètì ló ti ki ìrù bọ abẹ́ itan.

A bá bàbá kan níbẹ̀ tó fi ẹ̀wọ̀n so ajá dúdú kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ajá náà bu ọmọ aládùúgbò wọn jẹ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, wọ́n wá ní kí bàbá mú ajá wá kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ajá tí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó bu èèyàn jẹ, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn náà tó hàn lára òun fúnra rẹ̀. Ara bàbá náà ò lélẹ̀ rárá. Nígbà tí mo sọ fún un pé Jámánì ni mò ń mú tèmi lọ, tí mo sì ka gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi fún un, ó mi orí. "Wọ́n jàre," ló wí.

Èmi náà gbà pé wọ́n jàre. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dìgbòlugi ń pa nǹkan bí èèyàn 59,000 lọ́dún. Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà, ajá ló sì kó o ràn wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Bó bá ti hàn lára èèyàn, agbára káká ni ẹni kan fi ń yè é. Orílẹ̀-èdè tó bá ti lé e lọ kò ní fẹ́ kó tún gba pápákọ̀ òfurufú wọlé. Ohun tó ń ká mi lára ni pé abẹ́rẹ́ lásán ló ń dènà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ajá tó ń rìn káàkiri ìgboro Ìbàdàn yìí ò gba ọ̀kan rí.

Dókítà gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀yìn ọrùn Tanímọ̀la, nọ́ńbà yọ, ó ń kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé. Mo ní kó tún un kà. Tí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ajá ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa kà á sí níbi tí a ń lọ. Ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 38.6, èyí tó dáa fún ajá. Etí mọ́, eyín mọ́, kílò 19 ló wọ̀n.

Mo bi dókítà nípa oògùn oorun, torí àbúrò ìyá mi ti tẹnu mọ́ ọn pé kí n fún un lo kó lè sùn débẹ̀.

"Ẹ má dán an wò, Mà," ni dókítà dá mi lóhùn. Ó ní oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ó máa ń dín èémí kù, ajá tí ojú rẹ̀ ò bá sì dá ṣáṣá ò ní lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí kéèjì bá mì. "Tí nǹkan bá wá ṣe é lókè lọ́hùn-ún, ta ló máa wò ó?" Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ni kì í tilẹ̀ gba ajá tí wọ́n bá ti fún lóògùn oorun. Tí ajá bá ti mọ kéèjì rẹ̀ bí ilé, ó ní ìyẹn tó o.

Ọjọ́rú, Bódìjà

Kéèjì ti wà ní pálọ̀ wa láti ìgbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. Níbẹ̀rẹ̀, a yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, a sì ń gbé abọ́ oúnjẹ Tanímọ̀la sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá a tì í sínú díẹ̀, ó ń wọlé lọ jẹun, ó ń yára jáde. Lọ́jọ́ tí mo bá a tó sùn síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, mo mọ̀ pé a ti borí ìdajì. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó dá ilẹ̀kùn padà, tí a ń tì í fún ìgbà díẹ̀, tí a ń fi kún un, títí ó fi lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra kéèjì lọ́sẹ̀ tó máa rìn, tó wá ti ajá mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìpayà tó máa kó bá ajá yẹn ò kéré.

Ìwé òfin IATA, àjọ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, lórí gbígbé ẹran ààyè ni iléeṣẹ́ bàálù ń tẹ̀ lé lórí kéèjì. Ajá gbọ́dọ̀ lè dúró láìtẹríba, kó lè yí po, kó lè na ara rẹ̀ sùn. Láti orí imú dé ìdí ìrù Tanímọ̀la jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ jẹ́ 32. Wọ́n ní kí a fi ìdajì ìkejì kún àkọ́kọ́, ìyẹn 86, kéèjì ò sì gbọdọ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí a rà jẹ́ 91. Fífẹ̀ rẹ̀, ìlọ́po méjì fífẹ̀ èjìká. Gíga rẹ̀, bí ajá ṣe ga tó lórí ìdúró, pẹ̀lú nǹkan tí a tẹ́ sísàlẹ̀. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kéèjì náà bá ìdè oníke wá, mo ní kí mẹkáníìkì wa yọ wọ́n, kó fi bóòtù irin dì í yípo. A kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, torí ó lè pọn dandan kí òṣìṣẹ́ yára ṣí i. Abọ́ omi gbọ́dọ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè rọ omi sí i láti ìta.

Ajá tí kò bá ju kílò 8 lọ, tòun ti àpò rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ń gbà kó bá olówó rẹ̀ wọ yàrá èrò. Ìsàlẹ̀, níbi ẹrù, ni ti Tanímọ̀la. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí àwọn ajá olówó ńlá mìíràn ò ní: imú gígùn. Ajá ìbílẹ̀ ni, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Bingo. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde, ìdí nìyí tí ooru fi tètè ń mú ajá onímú pẹlẹbẹ bíi pug àti bulldog. Iléeṣẹ́ bàálù mìíràn ò tiẹ̀ ní gbà wọ́n rárá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ka Lhasa, tó pọ̀ nílé àwọn èèyàn ní Bódìjà àti Akóbò, mọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé òkè wa wá kí mi pé ó dàárọ̀. Ó wo kéèjì, ó wo ajá. "Bingo yìí náà lẹ ń náwó tó báyìí lé lórí, Ìyàwó? Ẹ ò kúkú ra òmíràn tẹ́ ẹ bá débẹ̀?" Mo sọ fún un pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni Tanímọ̀la ń sùn lóru, kò sì sí alẹ́ tí mo fi ojú kan ṣọ́ ilẹ̀kùn torí ẹ̀rù. Mi ò lè sanwó irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì lè fi í sílẹ̀. Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á fi í sínú àdúrà.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà Èkó

Ìdájí la gbéra, torí oṣù Ẹrẹ́nà ni, oòrùn ti ń mú kó tó di aago mẹ́sàn-án. Dírẹ́bà tú àga ẹ̀yìn mọ́tò, a gbé kéèjì síbẹ̀, a fi okùn dè é kó má baà yí. A dúró ní ibi tó dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn Ògèrè, mo fi okùn mú Tanímọ̀la jáde, ó tọ̀, ó mu omi. Títí dé Redemption City, ọ̀nà já gaara. Nígbà tí a dé Kara, tí òórùn màlúù wọlé, ó dìde nínú kéèjì, ó ń fínmú lọ fínmú bọ̀.

Gosiló wa bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé Berger. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí ooru ṣe ń bá ajá jà. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ń kán sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rẹ tówẹ́ẹ̀lì sínú omi tútù, mo nà án sábẹ́ ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ní kí dírẹ́bà má pa ẹ̀rọ amúlétutù, bó ti wù kí epo wọ́n tó. Mímí rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ má fi ajá sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a ti pa, ì báà jẹ́ kí ẹ kàn fẹ́ yára ra búrẹ́dì ni.

Ní ọ̀sán, mo fi Tanímọ̀la sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ògbà, mo kó ìwé lọ sí NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran tó ń wọlé tàbí tó ń jáde nílẹ̀ yìí wò. Wọ́n wo nọ́ńbà microchip, ọjọ́ abẹ́rẹ́, èsì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ajá fúnra rẹ̀ wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìkẹjà

Wọ́n rí ajá, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo lẹ ọ̀kan mọ́ orí kéèjì nínú ọ̀rá.

Ọ̀sán ló jẹun kẹ́yìn, kò sì pọ̀: ìrẹsì díẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ tí a sè láìsí ata. Ajá tó yó ju bó ṣe yẹ lọ á bì. Omi ni mi ò fi dù ú títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti gbé abọ́ omi rẹ̀ sínú fíríìsà látàná kí omi rẹ̀ di yìnyín, torí yìnyín ò ní dànù nígbà tí wọ́n bá ń gbé kéèjì, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún un. Mo tẹ́ páàdì tó ń fa omi sísàlẹ̀, mo wá fi adìrẹ mi kan tó ti gbó, Ìbàdàndùn tí mo ti ń ró sùn láti ọjọ́ yìí wá, lé e lórí. Mi ò fọ̀ ọ́. Òórùn ara mi ni mo fẹ́ kó bá a lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ajá kankan lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Àyà mi là gààrà. Iye ẹran tí bàálù kan lè gbé nísàlẹ̀ níye, ẹni tí kò bá gba àyè sílẹ̀ lè padà sílé. Mo yọ lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi lóhùn nígbà tí mo gba àyè, mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà, obìnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, wo nọ́ńbà náà, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ajá sì yọ. A ti dúró pẹ́ kó tó yọ o. Mo bẹ ọ̀gá náà pé kí wọ́n má gbé ajá síta orí kọnkéré kí àkókò tó tó. "Mà, mo gbọ́, inú ibi tó tutù la máa gbé e sí," ló sọ, ó sì tẹ̀ lé kéèjì náà fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, wọ́n ní kí n mú ajá jáde kí àwọn aláàbò lè tú kéèjì òfìfo wò. Ó dúró ti ẹsẹ̀ mi láàárín ariwo yẹn, ó fi gbogbo ara tì mí, mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì lára orúnkún mi. Mo ní, "Tanímọ̀la, wọlé." Ó wọlé.

Bí mo ṣe jókòó nínú bàálù ni mo sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé ajá mi wà nísàlẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní awakọ̀ mọ̀. Wọ́n máa ń fún awakọ̀ ní ìwé tó fi ẹran ààyè hàn, kó lè rí i pé ooru ibẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Atẹ́gùn tí a ń mí lókè náà ni wọ́n ń mí nísàlẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Ariwo nìkan ni mi ò lè bá a ṣe nǹkan kan sí. Mi ò sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Frankfurt

Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù tó tóbi jáde sí ni wọ́n gbé e wá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Páàdì ti tutù, yìnyín ti yọ́ tán, abọ́ ti gbẹ, adìrẹ ti ká jọ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ kankan, èékánná kan ò já. Mo fọpẹ́ fún Ọlọ́run níbẹ̀ lókè ohùn, ẹni tó fẹ́ wò mí kó wò mí.

A gba ọ̀nà pupa lọ bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, torí ẹni tó bá mú ẹran wọlé láti ìta Yúróòpù kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà aláwọ̀ ewé kọjá. Ọkùnrin ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ sí i lọ́rùn, ó fi nọ́ńbà wé ìwé, ó wo ọjọ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó ka oṣù mẹ́ta lórí ìka. Ó lu òǹtẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ìta tutù gan-an. Ọkọ mi ti dúró pẹ̀lú aṣọ òtútù ajá lọ́wọ́, Tanímọ̀la fín in, ó dúró, ó tún un fín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọdé, ó ń fò mọ́ ọn. Nígbà tó yá ó rí koríko, ó tọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, Darmstadt

Ó jẹun díẹ̀, ó sùn jù. Lọ́sẹ̀ yìí la máa lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba ìlú, torí wọ́n ń san owó orí lórí ajá níbí. Ẹni tó ní pit bull nílé kó gbọ́ èyí: láti ọdún 2001 ni Jámánì ti fòfin dènà mímú pit bull, American Staffordshire, Staffordshire Bull Terrier àti Bull Terrier wọ̀lú. Ìwé tó pé ò ní ràn án lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń jọ́sìn pè mí láti Akóbò. Ìlú Ọba làwọn ń lọ ní tiwọn, láàárín oṣù méjì sí i, pẹ̀lú Lhasa wọn. Ṣé kí àwọn ra kéèjì báyìí? Mo béèrè bóyá ó ní microchip. Kò ní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù méjì ò ní tó o." Mo to ètò fún wọn: microchip, abẹ́rẹ́, ọjọ́ 30, ẹ̀jẹ̀, oṣù mẹ́ta. Fún ìlú Ọba, ajá tó bá gba òfurufú wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹrù kágò ló máa lọ, kò lè bá wọn wọ yàrá èrò, ì báà kéré tó. Dókítà sì gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó débẹ̀. Tí wọ́n bá ṣáájú ajá lọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má ju ọjọ́ 5 lọ, torí bó bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á sí ajá tí wọ́n fẹ́ tà, ìwé tiẹ̀ sì tún yàtọ̀. Àti pé Lhasa ni, onímú kúkúrú, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè irú iléeṣẹ́ tó máa gbà á.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn á sún ìrìn-àjò síwájú, àwọn ò lè fi í sílẹ̀. Mo fi nọ́ńbà dókítà wa ní Mókọ́lá ránṣẹ́ sí wọn, mo ní kí wọ́n lọ láàárọ̀ ọ̀la, microchip ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè.